Ìbọn Àtijọ́ Ilé Wa: Kí A Máa Yìn Ín Ni, Tàbí Kí A Tọ́jú Rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni a fẹ́ sọ. Kì í ṣe ìbọn ológun, kì í sì í ṣe ìbọn olè. Ìbọn àtijọ́ ni, ṣakabùlà tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀: ìbọn gígùn, tí igi ìdí rẹ̀ ti dúdú nítorí ọwọ́ tí ó ti ń dì í mú láti ọjọ́ pípẹ́, tí òmíràn sì ní idẹ lára tí ó ń dán. Ó wà lórí àjà, ó wà ní ìdí Ògún, ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá baálé. Bí ọdẹ àgbà bá kú, wọn á gbé e jáde, wọn á ki ẹ̀tù sí i, wọn á yìn ín sókè. Lẹ́yìn náà wọn á dá a padà sí kọ̀rọ̀, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ìbéèrè wa nìyí: ìbọn tí ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì lẹ́wà, ṣé kí a máa yìn ín ni, tàbí kí a tọ́jú rẹ̀? Àwọn kan sọ pé ìbọn tí kò dún mọ́ ti di igi lásán. Àwọn mìíràn sọ pé ohun tí baba fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń fi ṣeré. Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ibi tí ìbọn náà ti wá, àti ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu.

BÍ ÌBỌN ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ọrun àti ọfà ni àwọn ọdẹ wa ń lò, pẹ̀lú àdá, kùmọ̀ àti tàkúté. Ìtàn bí a ṣe tẹ Kétu dó sọ pé ọdẹ ni ó mọ ọ̀nà inú igbó, òun ni ó ṣáájú ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí ìlú wà lónìí. Ọdẹ yẹn kò ní ìbọn.

Etí òkun ni ìbọn gbà wọlé. Àwọn òyìnbó Potogí, Hólàǹdì, Dẹ́ńmáàkì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá. Ó ń wọlé ní Ìgéléfẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní Ouidah, ó ń wọlé ní Àjàṣẹ́ àti ní Àgbádárìgì. Títí di òní, orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ṣakabùlà, nítorí pé àwọn náà wà lára àwọn tí ó ń tà á ní etí òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n rọ ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní ìlú Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù.

Kí ni wọ́n fi ń ra ìbọn náà? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni. Eyín erin wà níbẹ̀, epo pupa náà dé nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ènìyàn ni wọ́n fi ń rà á jù. Òpìtàn kan ṣírò pé láàárín 1750 sí 1807, ìbọn tí ó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún kò dín ní 283,000. Ẹni tí ó ní ìbọn á lọ mú ẹrú. Ẹni tí ó mú ẹrú á tà á, á tún fi owó rẹ̀ ra ìbọn. Ìlú tí kò bá ní ìbọn tó, òun ni wọn á lọ kó.

ÌBỌN ÀTI ÌTÚKÁ KÉTU

Ní 1727, Dàhómì gba Ìgéléfẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọba Àgbómẹ̀ ti ní ọ̀nà tirẹ̀ dé etí òkun, tí ó ń ra ìbọn àti ẹ̀tù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, nítorí pé ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lágbára. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1823, ní ìgbà ọba Ghezo, Dàhómì kọ̀, kò san án mọ́. Ọ̀yọ́ ti ń fọ́ nígbà náà. Kò wá sí ẹni tí ó lè dí ọ̀nà láàárín ìbọn Dàhómì àti àwa Nàgó mọ́.

Ohun tí Kétu fi ń gba ara rẹ̀ là ni odi àti yàrà jíjìn tí ó yí ìlú ká, pẹ̀lú ẹnubodè Àkàbà Ìdènà, tí ó ṣì wà níbẹ̀ di òní tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó. Abẹ́òkúta lé ogun Dàhómì padà ní 1851, ó tún lé e padà ní 1864. Ti Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1883, ní ìgbà ọba Glele, ogun Dàhómì wọ Kétu, wọ́n ba ìlú jẹ́, wọ́n sì kó ènìyàn lọ. Àwọn tí ó ṣẹ́kù padà sínú odi. Ogun tún padà wá, ó dó ti ìlú, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ará inú odi. Ní 1886, Kétu tú pátápátá. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó àwọn kan lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, àwọn mìíràn sì fọ́n ká.

Ní ọdún 1886 yẹn kan náà, ní apá ìlà-oòrùn, Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lórí ogun Kírìjì, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1877. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe Kétu nìkan ni ìbọn kó ìdààmú bá. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó gbọ́ ìró rẹ̀ ní ìgbà ayé kan ṣoṣo.

Àwọn jagunjagun obìnrin Dàhómì ní àṣà kan tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pa ọ̀tá lójú ogun, á lẹ owó ẹyọ kan mọ́ igi ìbọn rẹ̀. Bí ó bá pa mẹ́ta, owó ẹyọ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá wo ìbọn náà á ka iye tí ó wà níbẹ̀. Ẹ rò ó wò dáadáa. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò mọ ìwé kà, síbẹ̀ wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Lára àwọn tí a kà báyìí, ó ṣeé ṣe kí ará ilé wa wà níbẹ̀. Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́, tí ó tu owó ẹyọ rẹ̀ dànù kí ó lè fọ igi rẹ̀ mọ́, ó ti pa ìwé rẹ́ láìmọ̀.

Dàhómì náà kò gbádùn ìṣẹ́gun rẹ̀ pẹ́. Béhanzin, ọmọ Glele, ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní etí òkun, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ Faransé. Ọ̀gágun Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1892. Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1894. Ní ọdún náà ni àwọn ọmọ Kétu tí ó wà ní ìgbèkùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó lábẹ́ Alákétu Onyẹgẹn.

Ẹni tí ó ti ìgbèkùn bọ̀ kì í ru ẹrù púpọ̀. Ìlú tí ogun ti bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta kò lè ní àpótí tí ó kún fún ohun àtijọ́. Nítorí náà, ohun díẹ̀ tí ó bá kù ní agbo ilé wa láti ayé ìgbà náà, ìbá à jẹ́ ìkòkò, ìbá à jẹ́ ìbọn, ó ju wúrà lọ.

ÌDÍ TÍ ÌBỌN OLÓKÙÚTA FI PẸ́ LỌ́WỌ́ WA

Ẹnìkan lè béèrè pé: ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ti wà kí Kétu tó tú; kí ló dé tí àwọn bàbá wa fi ń lo èyí tí a ń ki láti ẹnu, tí òkúta ń ṣá iná sí, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà? Àwọn ọmọ ìlú mìíràn máa ń fi èyí bú wa pé ará oko ni wá, a kò lajú.

Ìdáhùn wà nínú òfin. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní ìlú Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa kó ìbọn ìgbàlódé wá tà fún àwọn ará apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda ni ìbọn olókùúta, tí inú irin rẹ̀ kò ní ọnà yíyí, àti ẹ̀tù lásán. Wọ́n ní nítorí kí òwò ẹrú lè dáwọ́ dúró ni, òtítọ́ sì wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é: àkókò tí àwọn fúnra wọn ń fi ìbọn ìgbàlódé gba ilẹ̀ wa ni. Ó yé wa nísinsìnyí pé kì í ṣe àìlajú ni ó mú kí bàbá wa máa ki ìbọn láti ẹnu. Òfin ni ó dè é mọ́ ọn.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò sì jókòó lásán. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ igi rẹ̀, bí a ṣe ń tún apátí rẹ̀ ṣe, àwọn mìíràn sì ń rọ odindi ìbọn fúnra wọn. Nítorí náà ṣakabùlà kan lè ní irin tí ó ti Birmingham wá, kí igi rẹ̀ jẹ́ igi igbó wa, kí apátí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wa. Gbogbo rẹ̀ ni ìtàn.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÍ A MÁA YÌN ÍN

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu àwọn àgbà ọdẹ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó dára lẹ́nu, kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Èkíní, wọ́n ní Ògún ni ó ni irin, irin tí kò ṣiṣẹ́ ń bínú. Èkejì, wọ́n ní bí ọdẹ bá kú tí ìbọn kò dún, a kò tíì sìnkú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní láti ṣí ìpà rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìró ìbọn sìn ín dé ọ̀run. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọmọdé tí kò gbọ́ ìró ìbọn baba rẹ̀ rí, bí a bá ní kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Ó máa tà á ni.

Òtítọ́ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta yẹn ni ó tilẹ̀ lágbára jù lójú mi, nítorí pé ohun tí a kò fẹ́ràn, a kì í tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn ibi tí a ti sọ pé ìbọn tí ó dàgbà jù ni kí ó dún. Ìró ni òkú ọdẹ ń fẹ́. Ìbọn tí àwọn ọdẹ ń lò lónìí, tí irin rẹ̀ ṣì le, lè fún un ní ìró náà. Iṣẹ́ sì pọ̀ tí irin lè ṣe fún Ògún láìjẹ́ pé ó dún. Ìbọn tí ó wà ní ìdí Ògún tí a ń bu omi tútù fún, tí a ń fi í pe orúkọ àwọn tí ó ti lò ó, iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ SÍ ÌBỌN ÀTIJỌ́ TÍ A BÁ YÌN ÍN

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ṣakabùlà ṣe ń ṣiṣẹ́. A ó da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, a ó fi ihá tàbí àkísà dí i, a ó fi ọ̀pá gún un kí ó le. A ó da ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá fa apátí, òkúta á ṣá iná, iná á ran ẹ̀tù ojú, á gba ihò kékeré wọ inú, ìbọn á dún.

Àbùkù méjì wà níbẹ̀. Èkíní ni iyọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀tù. Lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, ìdọ̀tí ẹ̀tù tí ó kù nínú irin máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Àwọn ọdẹ gidi mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi gbígbóná fọ inú ìbọn wọn, tí wọ́n á gbẹ ẹ́, tí wọ́n á fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsìnkú, ta ni ó ń rántí fọ ìbọn? Ọtí wà, ìlù wà, àlejò wà. Wọn á dá a padà sórí àjà bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti inú wá, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Bí wọ́n bá ṣe èyí fún ogún ọdún, irin náà á fẹ́lẹ́.

Èkejì ni pé, ní ibi ìsìnkú, nítorí pé wọn kò fi ọta sí i, wọ́n rò pé kò sí ewu. Wọn á da ẹ̀tù kún un kí ó lè dún ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ̀tù púpọ̀, àkísà tí a gún mọ́lẹ̀, irin tí ìpẹtà ti jẹ: bí irin náà bá bẹ́, ọwọ́ òsì tí ó gbé e ni ó ń kọ́kọ́ lọ, ojú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apátí sì tẹ̀ lé e. Ìbọn náà bàjẹ́, ẹni tí ó yìn ín bàjẹ́. Òkú kan di méjì.

Nítorí náà, bí a bá yìn ìbọn àtijọ́, bóyá á dún láàyò lónìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá bẹ́, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè dá ìbọn 1886 padà fún wa.

ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÍ A TÀ Á, ÀTI ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÍ A JÓ O

Ọ̀nà méjì mìíràn tún wà. Àwọn oníṣòwò kan ń wá ohun àtijọ́ kiri láti abúlé dé abúlé. Bí wọ́n bá rí ìbọn tí ó ní idẹ, wọn á ní, "Bàbá, irin jíjẹrà ni èyí, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní nǹkan díẹ̀." Ohun tí a bá tà báyìí, ìtàn rẹ̀ kì í bá a lọ. Ní ọ̀hún, á di ìbọn Áfíríkà lásán, kò ní ilé, kò ní orúkọ. Ẹ rántí pé àwọn ìtẹ́ ọba, àwọn ère àti àwọn ilẹ̀kùn tí Dodds kó ní Àgbómẹ̀, ó lé ní 120 ọdún kí ilẹ̀ Faransé tó dá 26 padà nínú ohun tí wọ́n kó, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ti ọba nìyẹn o, tí gbogbo ayé mọ̀. Ta ni yóò bá wa béèrè ìbọn baálé kan láti Kétu?

Àwọn mìíràn sì ní gbogbo ìbọn ló burú, kí a kó wọn jọ kí a jó wọn. Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1996, ní Tombouctou ní ilẹ̀ Mali, wọ́n dáná sun ìbọn bí 3,000 ní gbangba láti fi parí ogun abẹ́lé. Wọ́n ṣe dáadáa. Ìbọn tí ó ṣì ń wá ẹni tí yóò pa, iná ni ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ogun rẹ̀ ti parí láti ọjọ́ pípẹ́ kò wá ẹni tí yóò pa mọ́. Ẹlẹ́rìí ni ó jẹ́. Bí a bá jó ẹlẹ́rìí, ta ni yóò sọ fún àwọn ọmọ wa pé ènìyàn ni a fi ra ìbọn, pé ìbọn náà ni a sì fi kó wa?

OHUN TÍ MO RÒ PÉ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èrò mi ni pé kí a jẹ́ kí ìbọn iṣẹ́ ṣiṣẹ́, kí a jẹ́ kí ìbọn ìtàn sinmi. Ẹ jẹ́ kí a ṣe báyìí:

1. Kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí ó ti wà lórí àjà fún 30 ọdún lè ní ẹ̀tù nínú. Kí ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ bá wa wò ó. Àwọn àgbà ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?

2. Kí a má ṣe fi iyanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Ohun tí ó ń mú un dán ń jẹ irin náà. Aṣọ gbígbẹ ni kí a fi nù ún, kí a wá fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀ pa irin rẹ̀. Kí a má ṣe fi epo pupa pa á.

3. Kí a gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, kí a gbé e kúrò níbi tí òjò ń jò sí, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o.

4. Kí a tẹ̀ lé òfin. Òfin ilẹ̀ Benin ní kí ẹni tí ó bá ní ìbọn gba ìwé àṣẹ. Àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO náà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ ìbọn ní Abuja ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006. Kí baálé lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, kí ó má fi pamọ́ bí ẹni tí ó jalè.

5. Kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ mú ìwé àti bírò lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé. Ẹ béèrè: ta ni ó kọ́kọ́ ni ín? Níbo ni ó ti rí i? Ta ni ó jogún rẹ̀? Ẹran wo ni a fi pa, ogun wo ni a gbé e lọ? Ẹ kọ ọ́ ní èdè Nàgó, bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ẹ fi ìwé náà sínú ọ̀rá, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn náà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá; àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ àrọ́bá ń darúgbó, ó sì ń lọ. Ìbọn kò lè sọ orúkọ ẹni tí ó gbé e. Ìró tí ó ń dún ní ibi ìsìnkú, "gbòlà" kan ṣoṣo ni, ó jọ ti gbogbo ìbọn yòókù. Àwa tí a ti kọ́ bí a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni a lè mú kí ó sọ ti ara rẹ̀. Bí gbogbo kíláàsì wa bá kọ ìtàn ìbọn kan péré lọ́dún yìí, Kétu á ní ìwé tí ogun 1886 kò jẹ́ kí ó ní.

 

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni wọ́n fi ń ra ìbọn ní etí òkun ní ayé àtijọ́?
2. Ọdún wo ni Kétu tú pátápátá? Ta ni ọba Dàhómì nígbà náà?
3. Kí ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Brussels ní 1890 sọ nípa ìbọn?
4. Ní agbo ilé tìrẹ, ohun àtijọ́ wo ni ó wà? Kọ ìlà márùn-ún nípa rẹ̀.
5. Ṣé o gbà pé kí ìbọn àtijọ́ sinmi? Sọ ìdí rẹ, kí ẹlòmíràn sì dá ọ lóhùn.